Ẹ̀rín Kò Ba Awo Jẹ́: Ojú Tí Fíìmù Fi Ń Wo Ẹ̀sìn, láti Orí Àwàdà dé Eré Ẹlẹ́jẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ yàrá kan ni ó fa àròkọ yìí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ awo tí a ń kọ́ ní Ifá ń wá ilé sí Mowe, nítorí pé Ibafo ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ó rí yàrá kan, ó sanwó, baba onílé gbà á. Ọjọ́ tí ó kó ẹrù dé ni baba onílé rí ọpọ́n Ifá láàrin ẹrù, ó sì dá owó padà lójú ẹsẹ̀. Àwa fúnra wa lọ bẹ̀ ẹ́. Kò bú wa, kò pariwo. Ó ní, "Baba, ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ kí wọ́n bo orí ènìyàn mọ́lẹ̀ nínú ọgbà mi ni." A bi í pé ta ni ó rí tí ó ń fi Ifá ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó wò wá bí ẹni ń wo ọmọdé. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin kì í wo fíìmù ni?"

A ń wò ó. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni a fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ kí ó má baà dàbí pé ẹkún ni a wá sun. A kò sọ pé kí fíìmù má ṣe fọwọ́ kan ẹ̀sìn. Ní agbègbè tiwa yìí, ẹ̀sìn kò ṣeé yẹra fún. Ẹni tí ó bá gba títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, yóò kọjá Ìlú Àdúrà àwọn Mountain of Fire ní ẹ̀gbẹ́ Ibafo, yóò kan àgọ́ ńlá ìjọ Redeemed ní ẹ̀gbẹ́ Mowe, yóò sì rí ibùdó NASFAT ní Asese. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Abẹ́òkúta, tí ó dé Ifo, yóò rí ilé awo, yóò rí mọ́ṣáláṣí, yóò rí ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà mìíràn lójúlé mẹ́ta tí ó tẹ̀ léra wọn. Fíìmù tí kò bá mẹ́nu kan ẹ̀sìn láàrin irú àwọn ènìyàn báyìí, irọ́ ni ó ń pa. A kò sì sọ pé kí wọ́n má fi wá ṣẹ̀rín. Eégún aláré kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láyé àtijọ́. Ó fi ọba ṣe é, ó fi àlejò ṣe é, ó fi olórìṣà ṣe é. Ifá pàápàá kún fún ìtàn awo tí ó purọ́ tí àṣírí rẹ̀ tú, àti awo tí ó ju ẹnu rẹ̀ lọ tí ó tẹ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ Ifá dáadáa kò ní bínú sí aláwàdà.

Èrò tiwa ni pé àwàdà kò bà wá jẹ́ rí. Eré tí wọ́n fi ojú òótọ́ ṣe, tí wọ́n da ẹ̀jẹ̀ sí, tí wọ́n sì sọ fún ènìyàn pé "báyìí ni ó ṣe rí", òun ni ó ba ilé awo jẹ́.

Ẹ wo Ọ̀run Móoru tí Mósè Ọláìyá, Baba Sàlá, gbé jáde ní 1982, tí Ọlá Balógun darí. Ohun tí ó ti ọkùnrin inú eré yẹn sínú wàhálà ni oníjìbìtì tí ó ṣèlérí láti fi owó kún àgbá fún un. Ó gbà á gbọ́, ó sì pàdánù gbogbo ohun tí ó ní. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kí ni ọmọdé mú kúrò níbẹ̀? Pé ẹni tí ó bá ní òun yóò fi oògùn pọ owó fún ọ, olè ni. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Wọlé Ṣóyínká ti ṣe fún àwọn wòlíì etí òkun nínú eré orí ìtàgé rẹ̀, The Trials of Brother Jero, ní 1960. Bẹ́ẹ̀ náà ni Wòlí Àgbà ń ṣe lóde òní, tí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì fúnra wọn sì ń wò ó, tí wọ́n ń dì mú ìfun. Kò sí ẹni tí ó tìtorí Wòlí Àgbà lé ayálégbé tó jẹ́ wòlíì jáde nílé.

Nínú Ti Olúwa Nilẹ̀ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1993, olóyè kan àti àwọn tí ó bá a dìtẹ̀ ta ilẹ̀ mímọ́ fún àwọn tí ó fẹ́ kọ́ ilé epo sí i. Ikú ń pa wọ́n tẹ̀ léra wọn, Ọ̀tún Àsíyánbí wá ń sá sókè sódò kí wọ́n má baà sin ẹni kejì, nítorí pé ó mọ̀ pé òun ló kàn. Baba Wándé ṣe eré náà débi pé àánú rẹ̀ ń ṣe wá bí a ti ń fi í ṣẹ̀rín. Ẹ kíyè sí i pé olójúkòkòrò ni àwàdà yẹn ń bá wí, kì í ṣe Ifá. Ọ̀rọ̀ Ifá dúró níbi tí ó wà, ènìyàn ni ó ń sá. A kà á mọ́ àwọn fíìmù tí ó lóye ẹ̀sìn wa jù lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rín ni ó fi ṣe é.

Olóyè Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀ṣọ́sà ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, dúró láàrin méjèèjì. Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ eré ní 1944, ó sì kú ní 1990. Nínú Ayé (1979) àti Jáíyésinmi (1980), ó fi ara rẹ̀ ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, akọni tí ó ń bá àwọn àjẹ́ jà láti gba ìlú sílẹ̀. Ó bọlá fún wa ní ti pé ẹni rere ni ó fi onísẹ̀ṣe ṣe. Àmọ́ ẹ̀yin awo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbé lẹ́sẹ̀. Ọ̀ṣẹ́túrá ni Odù tí ó ń gbé ẹbọ dé òde ọ̀run. Ìtàn inú rẹ̀ ni ti àwọn Irúnmọlẹ̀ tí wọ́n dá ayé ṣe tí wọn kò ka Ọ̀ṣun sí nítorí pé obìnrin ni, tí gbogbo iṣẹ́ wọn sì dàrú títí wọ́n fi lọ bẹ̀ ẹ́. Fíìmù mú orúkọ Odù tí ó ní kí a má fojú tẹ́ńbẹ́lú obìnrin, ó sì fi í fún ẹni tí ó ń dojú ogun kọ àwọn ìyá. Ògúndé kò ní èrò ibi, a mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó tẹ̀ lé e kò mú ọlá tí ó bù fún wa. Àjẹ́ tí ń fò àti iná tí ń jáde lẹ́nu ni wọ́n mú lọ.

Ọdún 1992 ni ilẹ̀ yí padà. Kenneth Nnebue gbé Living in Bondage jáde ní èdè Ìgbò: ọkùnrin kan fi ìyàwó rẹ̀ ṣètùtù, ó sì di olówó. Òkú ìyàwó ń yọ sí i lóòótọ́, ṣọ́ọ̀ṣì ni ó sì parí rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n owó dé! Láàrin àwọn ọdún yẹn náà ni Mike Bámilóyè àti àwọn Mount Zion gbé Agbára Ńlá jáde, tí ọ̀pọ̀ ọmọdé ìgbà náà, tí wọ́n ti di bàbá àti ìyá báyìí, kò lè gbàgbé Ìṣàwúrú. Ìwàásù ni wọ́n ń ṣe, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Èyí tí kò dára ni pé nígbà tí oníṣòwò fídíò rí i pé ọjà ń tà, wọ́n mú ìbẹ̀rù inú ìwàásù náà, wọ́n fi ìwàásù sílẹ̀. Láti ìgbà náà, oríṣi eré kan kò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí aṣọ pupa, agbárí àti igbá ẹ̀jẹ̀.

Àléébù mẹ́ta ni a rí nínú eré bẹ́ẹ̀.

Èkíní, kò sí Ifá nínú dídá Ifá wọn. Òṣèré yóò ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, kò tíì dúró, ó ti ń pariwo pé "Ìyá rẹ ni!" Kò sí Odù, kò sí ẹsẹ Ifá, kò sí ìbò. Ẹ̀yin mọ̀ pé babaláwo kì í mọ ohun tí ó gbé oníbéèrè wá. Owó tí oníbéèrè sọ̀rọ̀ sí ni Ifá ń gbọ́. Bí ó bá jẹ́ ikin ni, mẹ́rìndínlógún ni a ó máa fi ọwọ́ kó. Ó ku méjì, a tẹ ẹyọ kan. Ó ku ẹyọ kan, a tẹ méjì, títí Odù yóò fi yọ lójú ọpọ́n, ọ̀kan nínú 256. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ, tí oníbéèrè fúnra rẹ̀ yóò mọ èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Iṣẹ́ tí UNESCO kéde ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ogún pàtàkì ọmọ ènìyàn nìyẹn. Oníṣègùn inú fíìmù gbọ́dọ̀ di abẹ́rẹ́ mú bí oníṣègùn. Kí ló dé tí babaláwo inú fíìmù kò gbọdọ̀ di ìrọ́kẹ̀ mú bí babaláwo?

Èkejì, wọ́n po orúkọ pọ̀. Babaláwo, oníṣègùn, adáhunṣe, oṣó, apànìyàn, gbogbo rẹ̀ di "baba" kan náà tí ó ń jókòó sínú igbó. Èṣù náà ńkọ́? Láti ìgbà tí Bíbélì Yorùbá ti fi orúkọ rẹ̀ pe Sàtánì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, fíìmù sì kàn fi àwòrán sí i ni.

Ẹ̀kẹta ni ó burú jù: nínú eré wọn, ó máa ń ṣiṣẹ́. Baba Sàlá ní irọ́ ni owó àgbá. Eré ẹlẹ́jẹ̀ ní òótọ́ ni, àyà ni kò gbọdọ̀ já ọ. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni ọ̀dọ́ fi ń wo ọkọ̀ tuntun, ilé ńlá àti obìnrin. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìparí ni ẹ̀san fi ń dé. Èwo ni yóò rántí?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà mọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, ní Abẹ́òkúta, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin pa ọmọbìnrin kan, wọ́n sì ń jó orí rẹ̀ nínú ìkòkò nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ wọ́n. Owó ni wọ́n ní àwọn ń wá. Lẹ́yìn rẹ̀, Ilé Aṣojú-ṣòfin bọ́ sí ọ̀rọ̀ náà, fíìmù sì wà lára ohun tí wọ́n dá lẹ́bi. A gbọ́dọ̀ ṣe òdodo: ìròyìn ìgbà náà sọ pé orí Facebook ni ọ̀kan nínú wọn ní òun ti kọ́ ọ, kì í ṣe inú fíìmù. Àwa kò sọ pé fíìmù ló fi ọ̀bẹ lé wọn lọ́wọ́. Ohun tí a sọ ni pé kí ọmọ tó lè wá ọ̀nà tí a ń gbà ṣe nǹkan, ó ti ní láti gbà pé nǹkan náà wà. Ta ló ti ń sọ fún un láti kékeré pé ó wà? Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, àjọ ìjọba tí ó ń yẹ fíìmù wò, èyí tí òfin 1993 dá sílẹ̀, kéde ìlànà tuntun tí ó dojú kọ eré tí ó ń gbé owó oògùn àti ìpànìyàn lárugẹ. Ó dára. Àmọ́ òfin kò lè kọ́ òṣèré bí a ṣe ń tẹ Odù.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹ̀jẹ̀ tàbí ikú ni a kọ̀. A kì í fi irọ́ gbèjà òtítọ́: ìtàn sọ pé wọ́n fi ènìyàn bọ nǹkan láyé àtijọ́ nínú àwọn ìlú kan, a kò sì gbọdọ̀ gbé e pamọ́. Ẹlẹ́ṣin Ọba tí olóògbé Bíyì Bándélé darí, tí ó jáde ní 2022, dá lórí ikú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá wò ó tán yóò máa ronú nípa ojúṣe, ìtìjú àti ìfẹ́ ayé. Kò sí ẹni tí yóò dìde níbẹ̀ kí ó lọ wá ọ̀nà à ti là. Ikú ní ìtumọ̀ níbẹ̀. Nínú eré ẹlẹ́jẹ̀, ikú kò ní ìtumọ̀, iye ni ó ní.

Ó ku ẹ̀bi tiwa. Àwọn kan nínú wa ni wọ́n ń yá àwọn òṣèré ní ọpọ́n àti ìrọ́kẹ̀, tí wọn kì í béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Àwọn kan ń polówó àwúre owó kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń pe ara wọn ní babaláwo. A mọ̀ wọ́n, a dákẹ́. Bí olóko bá fi èpò sílẹ̀ tí ó ga ju àgbàdo lọ, kí ó má bínú sí ẹni tí ó kọjá tí ó ní oko èpò nìyí.

Àbá tiwa kò pọ̀. Kí awo tí wọ́n bá pè sí ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù béèrè ìtàn náà kí ó tó gbé ọpọ́n jáde. Kí ó béèrè pé: ṣé Odù yọ? Ẹbọ wo ni wọ́n rú? Ta ni ìtàn náà ń bá wí? Ṣé irọ́ ni owó oògùn yìí jẹ́ nínú eré yín, àbí òótọ́? Bí ìdáhùn kò bá dára, kí ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sílé. Bí ó bá sì jẹ́ àwàdà ni wọ́n fẹ́ fi babaláwo onírọ́ ṣe, kí ó fi tayọ̀tayọ̀ kọ́ wọn bí onírọ́ ṣe ń ṣe é. A mọ̀ wọ́n ju aláwàdà lọ.

Ní ti yàrá Mowe, a gbé ikin fún baba onílé wò. Ó dì í mú, ó yí i wò, ó ní, "Ekùrọ́ ni?" A ní bẹ́ẹ̀ ni, ekùrọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, àwa náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ní ìyàwó òun kò ní lè sùn, kò sì fún wa ní yàrá náà. Ọmọ awo wa ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Ifo títí di òní, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti ń jáde lọ sí Ibafo. Ẹ̀rín díẹ̀ yẹn ni a rí mú bọ̀. Fíìmù kan tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ ì bá ti ṣe èyí tí ó kù.

Kí Ifá má jẹ̀ẹ́ kí ojú ó ti awo. Àṣẹ.