Ẹ̀yin Lẹ Máa Ṣáájú Wa, Mà

Gbogbo ẹni tó bá gun Òkè Adó ló ń ròyìn adágún tó wà lórí rẹ̀. Ní tèmi, ọkùnrin tó mú wa débẹ̀ ni mo fẹ́ ròyìn.

Adó-Àwáyè ni òkè náà wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn. Àárọ̀ kùtù la pàdé ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí oòrùn tó le. Àwa mẹ́sàn-án ni: ọ̀dọ́ márùn-ún tí fóònù kò kúrò lọ́wọ́ wọn, tọkọtaya kan, màmá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àti èmi. Kí afọ̀nàhàn wa tó la ẹnu, bàtà wa ló kọ́kọ́ wò. Ó ní kí ọmọbìnrin kan lọ bọ́ sílípáàsì rẹ̀, kó wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀ fún màmá, ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ máa ṣáájú wa, mà.”

Mo rò pé ẹ̀kọ́ ilé lásán ni. Ìgbà tí a gun àtẹ̀gùn díẹ̀ ló tó yé mi. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti fẹ́ sáré gòkè di ẹni tó ń rọra tẹ̀lé màmá, nítorí ta ni yóò fi èjìká ti àgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè kọjá? Ọ̀wọ̀ ni afọ̀nàhàn fi so gbogbo wa mọ́ ìṣísẹ̀ ẹni tí kò lè yára, láìsọ fún ẹnikẹ́ni pé ó lọ́ra.

Àtẹ̀gùn 369 ni wọ́n kà síbẹ̀. Ọ̀dọ́ kan ń kà á sókè. Bó ṣe sún mọ́ àádọ́ta, afọ̀nàhàn bi í pé ọmọ ìlú ibo ni. Kó tó dáhùn tán, iye ti sọ nù. Ẹsẹ̀ tó bá mọ iye tó kù a tètè rẹ̀.

Ìtàn rẹ̀ náà kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀. Ibi tí màmá bá ti ń mí hẹlẹhẹlẹ ni yóò ti na ọ̀pá: “Ẹ dúró ná, ẹ wo ọ̀ọ́kán yẹn.” Ọ̀dàn ló tẹ́ lọ salalu nísàlẹ̀, pẹ̀lú igi igbá àti igi òrí. A ó wò ó títí èémí yóò fi padà. Kò sẹ́ni tó sinmi. Ìran la ń wò. Nídìí òkúta Ìṣàgẹ̀ tó nàró, níbi tí wọ́n ti ń tọrọ òjò bí ọ̀dá bá dá, ìtàn náà gùn díẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rẹ màmá jù.

Irú ìrìn báyìí ń fẹ́ ẹnì kan níwájú, ẹnì kan lẹ́yìn. Afọ̀nàhàn wa nìkan ló ń ṣe méjèèjì, ó ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín wa bí òwú lórí òfì Ìsẹ́yìn.

Létí adágún Ìyàkẹ́, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó kẹ́yìn sí omi, ó dojú kọ wa, débi pé ẹni tó bá fẹ́ sún mọ́ ọn jù yóò kọ́kọ́ kọ lù ú. Wọ́n ní kò nísàlẹ̀, ó wí. Wọ́n ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé. Kò fi “wọ́n ní” yìí sílẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀-kan-ayé-ẹsẹ̀-kan-ọ̀run, “wọ́n ní” tán lẹ́nu rẹ̀: “Ẹ má yọjú síbẹ̀.” Ó parí.

Nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀, ó yí ètò padà. Òun ló wá ṣáájú, màmá gbé ọwọ́ lé e léjìká. Bí èèyàn bá fẹsẹ̀ kọ nígbà tó ń sọ̀, iwájú ló ń ṣubú sí.

Nísàlẹ̀, màmá ti ń fi fóònù sọ fún ọmọ rẹ̀: “Èmi ni mo ṣáájú gbogbo wọn dókè!”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” ni afọ̀nàhàn wí. Ó gbé báàgì fún un, ó sì ṣí omi rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.