Ẹlẹ́rìí Méje: Àríwísí Lórí Ọjà Ohun-Èlò Ogun Róòmù

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Bí ọjà kan bá wà lóde òní tí òwe yìí bá mu, ọjà ohun-èlò ogun Róòmù àtijọ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Níbẹ̀ ni a ti ń rí akoto, idà, orí ọfà àti ọta kànnàkànnà tí a fi òjé ṣe, tí òǹtajà sì ń búra pé ọmọ-ogun Késárì ló lò wọ́n. Ìbéèrè tí òǹrajà kọ́kọ́ ń bi ni pé, ‘Ṣé ojúlówó ni?’ Èrò tiwa ni pé ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n kò tó, àti pé ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ lè máa ran ọ̀bàyéjẹ́ lọ́wọ́ láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbé ìbéèrè náà yẹ̀ wò. Ọgbọ́n wà tí a fi ń dá ayédèrú mọ̀. Bàbà àti idẹ tí ó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ sábà máa ń ní ìpáàrà tí ó ti jẹ wọ inú rẹ̀ lọ, tí yóò pupa lábẹ́, tí yóò sì ní àwọ̀ ewé lókè. Lára ọ̀pọ̀ ayédèrú, oògùn tàbí ọ̀dà ni wọ́n fi kun àwọ̀ ewé yìí. Bí ó bá bó níbì kan, idẹ tuntun ni yóò máa dán lábẹ́ rẹ̀. Bákan náà, akoto tí ó yẹ kí ó jẹ́ pé òòlù ni wọ́n fi lù ú, bí a bá rí ìlà ìdàpọ̀ bíi ti ohun tí a yọ́ dà lára rẹ̀, ìfura dé nìyẹn. Èròjà inú idẹ náà a sì máa sọ̀rọ̀. Ńṣe ni àwọn ará Róòmù ń kó bàbà, èédú àti òkúta tí síǹkì wà nínú rẹ̀ sínú iná pọ̀. Síǹkì tí ń wọ inú idẹ lọ́nà yìí kì í sábà kọjá ìdá 28 nínú 100. Bí ẹ̀rọ bá wá ka ìdá 35, idẹ ìgbà tó kẹ́yìn ni.

Ṣùgbọ́n èwo nínú ìwọ̀nyí ni a lè fi àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ṣe? A kò lè fọwọ́ kan àwòrán, a kò sì lè wo abẹ́ ìpáàrà rẹ̀. Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ tí òǹtajà kọ sábẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti di ọ̀rọ̀ kíkọ, iṣẹ́ lámèyítọ́ dé.

Ẹ wo irú gbólóhùn bíi, ‘Wọ́n rà á nínú àkójọ àtijọ́ ní Jámánì kí ó tó di 1970.’ Ọdún náà kò ṣàdédé wá. Ní 1970 ni UNESCO ṣe àdéhùn tí ó tako kíkó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kúrò ní orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn lọ́nà àìtọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ‘wọ́n’? Gbogbo wa ni a mọ bí ‘wọ́n’ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú èdè wa: ó lè dúró ní ipò olùwà láìtọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò parọ́ tí a lè dì mú. Kò sì sọ òótọ́ tí a lè tọpa rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tí ó fi tì í, òun náà ló kọ ọ́, òun náà ló sì jẹ́rìí sí i.

Àwọn ará Róòmù fúnra wọn kì bá tí gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Láti ayé Késárì Claudius, ọmọ-ogun àjèjì tí ó bá ti sìn fún ọdún 25 lè gba wàláà idẹ méjì tí ó fi hàn pé ó ti di ọmọ-ìlú Róòmù. Wọ́n fín ọ̀rọ̀ kan náà sí inú àti ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fi wáyà dì í, ẹlẹ́rìí méje sì fi èdìdì wọn sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣe àyípadà sí ti ẹ̀yìn, ti inú yóò tú àṣírí rẹ̀. Ó tún sọ ibi tí a gbé kọ́ ojúlówó àkọsílẹ̀ náà sí ní Róòmù.

Ó ṣeni láàánú pé wàláà wọ̀nyí pàápàá ti di ọjà. Láti nǹkan bí 1990 ni ọ̀pọ̀ ti ń jáde, pàápàá láti apá Balkan, láìsí ẹni tí yóò sọ ibi tí a ti hú wọn. A kò sẹ́ pé àwọn onímọ̀ ń rí ẹ̀kọ́ kọ́ lára wọn. Orúkọ ọmọ-ogun lè wà níbẹ̀, àti ti baba rẹ̀, àti ti ẹgbẹ́ ogun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ó fẹ̀yìn tì sí, tí ó kọ́lé sí, tí ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n sin ín sí, ọjà ti pa á rẹ́. Ojúlówó ni, síbẹ̀ ìdajì rẹ̀ ti sọnù.

Àpẹẹrẹ méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò mú ọ̀rọ̀ náà yé wa sí i. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2010, ẹnì kan fi ẹ̀rọ tí ń wá irin rí akoto idẹ kan tó ní ìbòjú ní Crosby Garrett. Ó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Kí àwọn awalẹ̀pìtàn tó lè yẹ̀ ẹ́ wò tán, wọ́n ti tò ó pọ̀, wọ́n ti tún un ṣe fún títà. Nítorí pé idẹ ni, tí ó sì jẹ́ ẹyọ kan, òfin ìṣúra ti 1996 kò mú un. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Christie's tà á ní gbàǹjo ní iye tí ó lé ní mílíọ̀nù 2.2 pọ́n-ùn, ẹni tí a kò dárúkọ ni ó sì rà á. Ó di 2023 kí wọ́n tó fẹ òfin náà lójú. Ní Corbridge, ní 1964, àwọn awalẹ̀pìtàn rí àpótí onígi kan tí ìhámọ́ra irin tó ti dípáàrà wà nínú rẹ̀. Kò dán, kò sì rẹwà. Síbẹ̀, nítorí pé wọ́n hú u pẹ̀lú sùúrù, tí wọ́n sì kọ ipò tí wọ́n bá ohun gbogbo sílẹ̀, àpótí náà ló kọ́ wa bí a ṣe ń to ìhámọ́ra náà pọ̀ sára ọmọ-ogun.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ rà kọ́kọ́ béèrè pé: ta ni ó hú u, níbo, lọ́dún wo, ìwé wo ni ó sọ bẹ́ẹ̀, ta ni ó sì fọwọ́ sí i yàtọ̀ sí ẹni tí ń tà á? Bí òǹtajà kò bá lè dáhùn, kí ó fi owó rẹ̀ sápò, bí ohun náà ì báà tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó. Owó tí a san fún ojúlówó tí kò ní orírun ni a ó fi ra ọkọ́ tí wọn yóò fi gbẹ́ ilẹ̀ mìíràn lóru.