Ìwé Equiano àti Ẹ̀kọ́ Ìyà

Àwọn àgbà wa a máa wí pé, ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí igi ti gún rí, ǹjẹ́ a máa rántí ọmọ ẹyẹ bí? Ìbéèrè yìí ni a fi ka ìtàn ayé Olaudah Equiano, tí òun tìkára rẹ̀ kọ, tí ó sì jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1789.

Ẹrú ni Equiano títí di ọdún 1766, nígbà tí ó fi èrè òwò kékeré ra ara rẹ̀ padà. Ṣáájú ìgbà náà, ní ìlú Savannah ní Georgia, òyìnbó méjì lù ú títí ó fi kù díẹ̀ kí ó kú. Nígbà tí ọ̀gá ọkọ̀ rẹ̀ tọ àwọn agbẹjọ́rò lọ, wọ́n ní àwọn kò lè ṣe ohunkóhun, nítorí ènìyàn dúdú ni.

Ní Georgia kan náà, lẹ́yìn tí ó ti di òmìnira, ìyá dúdú kan tọ̀ ọ́ wá. Ọmọ rẹ̀ ti kú, kò sì rí òyìnbó kan tí yóò ka àdúrà ìsìnkú Ìjọ lé e lórí. Equiano kì í ṣe àlùfáà, síbẹ̀ òun ni ó kà á. Ibí yìí ni a gbé rí agbára ìwé náà: òǹkọ̀wé kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni, ó sọ ọ́ ní gbólóhùn díẹ̀, ó sì kọjá. Àwa tí a ti dúró létí ibojì rí mọ bí ó ti wúwo tó.

Àbùkù ìwé náà kò kéré. Ní ọdún 1776, òun fúnra rẹ̀ bá dókítà kan ra ẹrú ní Jamaica fún oko, ó sì yàn wọ́n nínú àwọn ará ilẹ̀ tirẹ̀. Lẹ́yìn tí ó fi wọ́n sílẹ̀, alábòójútó òyìnbó lù wọ́n lálùbolẹ̀. Wọ́n bá ọkọ̀ ojú omi sá, gbogbo wọn sì rì. Ó kẹ́dùn wọn, ṣùgbọ́n kò dá ara rẹ̀ lẹ́bi bí ó ti yẹ.

Nítorí náà ìyà nìkan kì í kọ́ni ní òdodo. Iṣẹ́ ni a ń fi kọ́ ọ. Equiano sì ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1783 ó mú ìròyìn ọkọ̀ Zong, níbi tí a gbé ju ẹrú tí ó lé ní 120 sínú òkun, lọ bá Granville Sharp. Ní ọdún 1788 ó kọ ẹ̀bẹ̀ sí Ayaba Charlotte nítorí àwọn ẹrú. Ó ru ìwé rẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Ó kú ní ọdún 1797, ọdún mẹ́wàá ṣáájú òfin tí ó fòpin sí òwò ẹrú àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ìwé yìí lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, ẹ má sì fo ojú ewé Jamaica.