Ọwọ́ Méjì Lórí Bébà Kan

Tàdáwà kì í gba àtúnṣe. Ẹni tó ń fi ọ̀dà olóróró kun àwòrán lè fi òmíràn bo ibi tó bá bàjẹ́, ṣùgbọ́n bébà ti mu tàdáwà kí ọwọ́ ayàwòrán tó kúrò lórí rẹ̀. Ohun tí a kò lè pa rẹ́ yìí ni Iri Maruki, ayàwòrán ará Japáànì, àti ìyàwó rẹ̀, Toshi Maruki, fi ya àwọn tí bọ́ǹbù átọ́míìkì pa ní Hiroshima. Àwòrán 15 ni wọ́n yà láàárín ọdún 1950 sí ọdún 1982. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó mítà 1.8, ó sì fẹ̀ tó mítà 7.2, ènìyàn tó kún inú wọn kò lóǹkà. Láti ìgbà tí mo ti kọ́kọ́ rí wọn nínú ìwé ni mo ti gbà pé n kò tíì mọ iṣẹ́ àwòrán tí mò ń fi tàdáwà ṣe tán.

Tàdáwà àwọn ará Japáànì kò jìnnà sí èyí tí àwọn ààfáà wa ń pò fún kíkọ wàláà, èyí tí mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn ní ilé kéú. Wọ́n á sun igi páìnì tàbí epo, wọ́n á gba dúdú tó wà nínú èéfín rẹ̀ jọ, wọ́n á fi àtè tí wọ́n sè láti ara awọ ẹran pò ó, wọ́n á sì jẹ́ kó gbẹ gan-an. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lò ó, wọ́n á ta omi sí òkúta, wọ́n á máa fi í ha òkúta náà bí ẹni ń lọ osùn. Omi ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà. Bí omi bá kéré, dúdú á le, ilà á mú. Bí omi bá pọ̀, dúdú á ṣí, á máa rìn fúnra rẹ̀ lórí bébà, ibi tó bá wù ú ni yóò dúró sí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń kọ́ bí a ṣe ń darí omi, a ò sì lè darí rẹ̀ tán.

Hiroshima ni wọ́n bí Iri sí lọ́dún 1901, tàdáwà ni iṣẹ́ tirẹ̀. Toshi, tí wọ́n bí ní Hokkaido lọ́dún 1912, kọ́ iṣẹ́ ọ̀dà olóróró ní ilé ìwé, ó sì mọ ara ènìyàn yà dáadáa: eegun èjìká, ìtẹ̀sí ọrùn, bí ọwọ́ ọmọdé ṣe ń di nǹkan mú. Bí wọ́n ṣe jọ ṣe é ni mo máa ń ronú lé lórí jù. Toshi á fi ilà tó mọ́ kedere ya àwọn ara náà. Ènìyàn gidi ló ń dúró níwájú rẹ̀ tó fi ń wò yà wọ́n. Bó bá ti yà wọ́n tán, Iri á gbé tàdáwà olómi, á dà á lé wọn lórí. Ilà tí Toshi fara balẹ̀ fà á bọ́ sábẹ́ dúdú. Toshi á tún padà wá, á wo ohun tó kù, á tún ya òmíràn lé e. Iri á tún da tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bó bá jẹ́ Toshi nìkan ló yà wọ́n, ara ènìyàn tó péye la ó rí, irú èyí tí a ń rí nínú ìwé àwọn dókítà. A ó mọ̀ pé wọ́n fara gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n ojú wa á lè rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a ó sì kọjá. Bó bá jẹ́ Iri nìkan ni, èéfín ni ìbá kún ibẹ̀, kò ní í sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Nítorí pé àwọn méjèèjì wà ńbẹ̀ ni ojú òǹwòran fi ní láti wá àwọn òkú náà. Ọwọ́ kan á jáde, ojú kan á tẹ̀ lé e, a ó wá rí i pé ìyá ni, pé ọmọ wà láyà rẹ̀. Ẹni tó bá wá òkú rí lẹ́yìn jàǹbá mọ irú wíwò bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, kò sí ọ̀nà mìíràn tó tọ́ láti ya ènìyàn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn di òǹkà lásán.

Wọ́n kò ya ohun tí wọ́n gbọ́ nìkan. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1945 ni Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù náà. Kí ọdún yẹn tó parí, nǹkan bí ènìyàn 140,000 ti kú, ará ìlú ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni Iri ti wọ ọkọ̀ ojú irin láti Tokyo lọ wá àwọn ẹbí rẹ̀, Toshi sì tẹ̀ lé e. Arákùnrin òbí Iri kan kú, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ kú. Àwọn méjèèjì gbé àwọn tó fara pa, wọ́n bá wọn wá oúnjẹ, wọ́n bá wọn sun òkú. Ọdún mélòó kan kọjá kí wọ́n tó lè gbé búrọ́ọ̀ṣì lé ọ̀rọ̀ náà. Ìjọba ológun Amẹ́ríkà tó ń ṣàkóso Japáànì nígbà yẹn kò fẹ́ kí wọ́n máa tẹ àwòrán tàbí ìròyìn ìpalára bọ́ǹbù náà síta, nítorí náà àwọn ará Japáànì mìíràn fúnra wọn kò rí nǹkan kan. Nígbà tí àwòrán àkọ́kọ́, èyí tí à ń pè ní "Iwin", jáde ní Tokyo lọ́dún 1950, ọjọ́ tí bọ́ǹbù náà já, Ọjọ́ 6 Oṣù Kẹjọ, ni wọ́n fi pe orúkọ rẹ̀ nígbà náà.

Wọ́n sì gbé e rìn. Kò dúró sí ilé àwòrán àwọn olówó. Ìlú dé ìlú ni wọ́n ń tú àwọn àwòrán náà sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò, kódà kí ìjọba ológun náà tó kógbá sílé lọ́dún 1952. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé wọn lọ sí orílẹ̀-èdè tó ju ogún lọ. Àwòrán kẹwàá, ti ọdún 1955, kò ya òkú rárá: àwọn ará ìlú ló ń fọwọ́ sí ìwé pé kí bọ́ǹbù átọ́míìkì kásẹ̀ nílẹ̀. Ìfọwọ́sí tó ju mílíọ̀nù 30 ni wọ́n kó jọ ní Japáànì nígbà yẹn, àwọn ìyàwó ilé Suginami ní Tokyo sì wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Suma, ìyá Iri, tó la bọ́ǹbù náà já, tó sì di ayàwòrán lẹ́yìn tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, máa ń sọ pé bọ́ǹbù kì í ṣe òkè tó ń ya lulẹ̀ fúnra rẹ̀, pé bí ènìyàn kò bá jù ú, kò ní í já.

Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ì bá ti ṣe. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1970 wọ́n gbé àwọn àwòrán náà dé Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbọ́ ìbéèrè kan: bí ará Ṣáínà kan bá ya ìpakúpa tí àwọn ọmọ ogun Japáànì ṣe ní Nanjing lọ́dún 1937, tó sì gbé e wá sí Japáànì, kí ni ẹ ó ṣe? Wọn kò bínú. Wọ́n padà sílé, wọ́n lọ wádìí. Ní ọdún 1971 wọ́n ya àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun Amẹ́ríkà tó kú ní Hiroshima, wọ́n sì fi àwọn ará ìlú tó ń fìyà jẹ wọ́n hàn. Ní ọdún 1972 wọ́n ya "Kannakánná".

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn ará Kòríà pọ̀ ní Hiroshima àti Nagasaki, ìlú kejì tí wọ́n ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n fi ipá kó wá ṣiṣẹ́. Òǹkọ̀wé Ishimure Michiko ti kọ ẹ̀rí kan sílẹ̀ láti Nagasaki pé òkú àwọn ará Kòríà ni wọ́n gbé kẹ́yìn, tí kannakánná fi ń ṣa ojú wọn jẹ. Nínú àwòrán náà, ẹyẹ dúdú àti òkú dúdú pọ̀ mọ́ra débi pé ó ṣòro láti yà wọ́n sọ́tọ̀, aṣọ ìbílẹ̀ Kòríà kan sì ń fò lójú ọ̀run ní funfun. Ẹni tó ti ṣọ̀fọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ fún ogún ọdún ló yà á, ó wá ya ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kan náà ṣe fún òkú ẹlòmíràn. Wọ́n ya Nanjing lọ́dún 1975. Wọ́n ya Auschwitz, ibùdó tí àwọn Násì ti ń pa ènìyàn. Wọ́n lọ sí Okinawa, wọ́n ya àwọn ará ìlú tó kú sínú ihò àpáta nígbà ogun, àwọn tó la ogun náà já sì ń jẹ́rìí fún wọn. Ilé àwòrán Sakima tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bárékè ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Okinawa ni àwòrán yìí wà títí dòní. Àwọn 14 àkọ́kọ́ nínú ti Hiroshima wà ní ilé tí àwọn méjèèjì kọ́ sí Higashi-Matsuyama lọ́dún 1967.

Ọdún 1967 yẹn kan náà ni ogun Bìáfúrà bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà níbí. Ní oṣù Kẹwàá, àwọn ará Asaba wọ akwa ocha, aṣọ funfun wọn, wọ́n jáde wá pàdé àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú orin ìṣọ̀kan Nàìjíríà. Àwọn ọmọ ogun náà ya ọkùnrin àti ọmọdékùnrin sọ́tọ̀, wọ́n yìnbọn pa wọ́n, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn. Ìhà ìjọba àpapọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá wà nínú ogun náà. Ìtàn ogun tí mo gbọ́ nílé kò dé Asaba.

Aṣọ funfun àwọn ará Asaba yẹn ni mò ń yà báyìí. Kò sí funfun nínú tàdáwà, bébà ni funfun. Láti ya aṣọ funfun kan, àyíká rẹ̀ ni mo ní láti sọ di dúdú, mo sì ní láti mọ ibi tí ẹni tó wọ̀ ọ́ wà kí omi tó kan bébà, nítorí pé bí dúdú bá ti wọ ibẹ̀, ẹni yẹn ti lọ nìyẹn. N kò dá a ṣe. Mo ti gbé abọ́ omi fún ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Asaba, ó ń dà á lé ohun tí mo bá yà, mo sì ń padà lọ wá àwọn tó kù. Bó bá parí, Asaba la ó ti kọ́kọ́ tú u sílẹ̀, kó tó dé Ìbàdàn tàbí Èkó. Àwọn tó ni òkú ni yóò sọ bóyá ká gbé e kúrò níbẹ̀.