Òwú Wo Ló Yẹ Okùn? Lámèyítọ́ lórí Rírán Okùn Páráṣúùtì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá télọ̀ kan mọṣẹ́, kó yí aṣọ sódì kó wo òwú bọ́bììnì. Ní Nasarawa, ní gúúsù ìlú Kàdúná, kò sẹ́ni tó máa jiyàn èyí. Kò jìnnà sí Kakuri, níbi tí Kaduna Textiles Limited ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, tí United Nigerian Textiles sì tẹ̀lé e ní 1964. Nígbà tí United Nigerian Textiles ti ilẹ̀kùn ní oṣù kẹwàá ọdún 2007, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ òwú kò bá ilẹ̀kùn náà tì. Ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti ń kọ́ awakọ̀ òfurufú ológun láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹ̀ka ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1964. Òwú àti òfurufú jọ ń gbé ìlú kan. Síbẹ̀, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó so méjèèjì pọ̀, ìyẹn rírán okùn tuntun sára páráṣúùtì tí okùn rẹ̀ ti gbó, kò tíì rí lámèyítọ́ gidi láàárín wa. Ọnà ọrùn agbádá là ń yìn. Iṣẹ́ tí ẹ̀mí ènìyàn so mọ́ la fojú fò.

Ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ náà ni pé òwú tó lágbára jù kọ́ ni òwú tó dára jù. Ẹ wo ìwọ̀n wọn. Okùn náílọ́ọ̀nù tí àwọn ológun Amẹ́ríkà ń pè ní Type III ń gbé ẹrù 550 pọ́n-ùn kó tó já. Òwú E, tó wọ́pọ̀ gan-an lẹ́nu iṣẹ́ páráṣúùtì, kò ju 8.5 lọ. Òwú onífọ́nrán mẹ́ta wà tó ń gbé 24, onífọ́nrán márùn-ún sì ń gbé 40. Ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ á ní kí wọ́n kúkú mú onífọ́nrán márùn-ún kọ́kàn lè balẹ̀. Rárá o. Òwú ńlá, abẹ́rẹ́ ńlá. Abẹ́rẹ́ ńlá sì máa ń gé okùn tẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe ń wọ inú rẹ̀. Ẹni tó fi òwú líle ran okùn bẹ́ẹ̀ ti bà á jẹ́ kó tó tún un ṣe.

Ká sún mọ́ ojú rírán náà. Okùn páráṣúùtì àwọn tó ń fò fún eré ìdárayá lóde òní kì í ju okùn bàtà lọ. Híhun ni wọ́n hun ún, inú rẹ̀ sì ṣófo. Rígà, ìyẹn oníṣẹ́ páráṣúùtì, á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ti ìdí okùn náà bọ inú ara okùn fúnra rẹ̀, títí tí ojú ìkọ́ kan á fi kù lẹ́nu. Á fa díẹ̀ gé nínú àwọn fọ́nrán ìdí tó wà nínú, kó lè máa tín-ín-rín lọ, kó má bàa dúró ní kùkùté. Bí ẹrù bá fa okùn, ti òde á fún ti inú mọ́ra. Bó ṣe ń fà sí i ló ń fún un sí i. Ìfúnmọ́ra yìí ló ń gbé ènìyàn. Iṣẹ́ tí òwú ní kò ju pé kí ti inú má yọ́ jáde nígbà tí okùn bá dẹ̀.

Rírán tí wọ́n fi ń dè é ni báà-tákì, irú èyí tí ẹ máa ń rí ní ẹ̀gbẹ́ àpò jíǹsì: ẹ̀rọ á kọ́kọ́ rin gbọọrọ, á sì padà gba orí rẹ̀ ní sígíságì. Ojú abẹ́rẹ́ 28 tàbí 42 ni wọ́n sábà máa ń ṣètò ẹ̀rọ náà fún. Èyí tó dára gbọ́dọ̀ jókòó sáàárín okùn, kó má ṣu sétí. Inú okùn ló yẹ kí òwú òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti pàdé, kí ìkankan nínú wọn má ta kókó síta. Ọ̀pọ̀ rígà ń mú òwú tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti okùn, pupa lórí funfun, kí ojú ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lè tètè rí èyí tó já. Ẹ̀wà lèyí lójú tèmi, nítorí kò fi nǹkan kan pamọ́.

Òfin àwọn àgbà télọ̀ ni pé òwú ń tẹ̀lé aṣọ. Ó tọ̀nà. Ṣẹ́dà ni wọ́n fi ń ṣe páráṣúùtì tẹ́lẹ̀, kó tó di pé Adeline Gray fi ti náílọ́ọ̀nù fò ní Hartford, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹfà ọdún 1942. Láti ìgbà náà ni òwú náílọ́ọ̀nù ti gba ipò. Náílọ́ọ̀nù máa ń nà gan-an, òwú kọ́tìnì kì í nà tó bẹ́ẹ̀; bí ẹ bá fi kọ́tìnì ran náílọ́ọ̀nù, òwú ni gbogbo ẹrù máa kọ́kọ́ bà lé, òun náà ló máa kọ́kọ́ já. Ṣùgbọ́n Spectra dé, okùn tí kì í fẹ́ẹ̀ nà rárá, òwú náílọ́ọ̀nù ni ọ̀pọ̀ sì ṣì fi ń ran án. Òfin àgbà kò tó ibẹ̀ mọ́, nítorí ìfúnmọ́ra ló ń gbé ẹrù.

Spectra ní àléébù tirẹ̀: ooru máa ń mú un súnkì. Bí páráṣúùtì bá ń ṣí, aṣọ kékeré onígun mẹ́rin tó ní òrùka ní igun rẹ̀ máa ń yọ́ wálẹ̀ lára okùn, ó sì ń ha á gbóná. Àwọn okùn ẹ̀gbẹ́ ló ń jìyà jù, wọ́n á kúrú ju ti àárín lọ, ìrísí páráṣúùtì á sì dàrú. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ rígà fi ń pààrọ̀ gbogbo okùn lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì ń fa okùn le kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Vectran, irú okùn mìíràn, kì í súnkì, ṣùgbọ́n ó máa ń gbó, ó sì lè já láìkìlọ̀ púpọ̀.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti wú mi lórí jù ni òwú tí wọ́n dìídì yàn kó lè já. Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí rígà fi ń di páráṣúùtì ìrànlọ́wọ́, tó sì fi òjé lẹ̀ ẹ́ ní èdìdì. Ó gbọ́dọ̀ já lójú ẹsẹ̀ tí ọwọ́ bá fa irin tó ń ṣí páráṣúùtì náà. Bí ẹnì kan bá fi òwú tó lágbára rọ́pò rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ iṣẹ́ tó dúró, ó lè pa ènìyàn. Iṣẹ́ ọnà tí mo mọ̀ tó ń béèrè irú làákàyè yìí kò pọ̀.

Àwọn onímọ̀ kò fojú fo aṣọ wa: Elisha Renne ti kọ ìwé lórí aṣọ àwọn Bùnú ní 1995, ó sì kọ òmíràn lórí ikú àti ilé-iṣẹ́ aṣọ ní Kàdúná ní 2020. Iṣẹ́ ńlá ni méjèèjì. Ojú rírán ló kù tí a kò tíì fún ní ipò rẹ̀.

N kò ní kí télọ̀ Nasarawa lọ gbé páráṣúùtì ẹnikẹ́ni kalẹ̀ kó máa ràn án. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó gba ìwé àṣẹ, tàbí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àbójútó irú ẹni bẹ́ẹ̀, nìkan ló lè ṣe é. Àwọn tó ń kọ́ni nípa aṣọ ní Kaduna Polytechnic àti ní ABU Zaria ni mo ń bẹ̀: ẹ fi rírán okùn kún ẹ̀kọ́ òwú, ẹ sì pe àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ Kakuri tí ọwọ́ wọn ṣì mọ òwú wá kọ́ àwọn ọmọ náà, nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè.