Ìwé Ewé Fátúmbí àti Ara Aláìsàn tí A Kò Yẹ̀ Wò

Mo júbà àgbà awo kí n tó sọ̀rọ̀, nítorí pé ìwé tí mo fẹ́ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ yìí, ẹnu àwọn àgbà ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀.

Ìwé náà ni Ewé, iṣẹ́ Pierre Fátúmbí Verger, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní São Paulo ní ilẹ̀ Bùràsílì ní 1995, kí ọlọ́jọ́ tó dé bá a ní oṣù kejì ọdún 1996. Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni, ṣùgbọ́n Kétu ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ nífá ní 1953, tí ó sì di Fátúmbí. Oògùn 2,216 ló gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn babaláwo. 447 ló yàn sínú ìwé. Yorùbá wà lójú ewé kan, Gẹ̀ẹ́sì dojú kọ ọ́. Ẹ ó rí ewé, ẹ ó rí bí a ṣe ń gún un tàbí bí a ṣe ń sè é, ẹ ó rí odù tí a óò tẹ̀ àti ọfọ̀ tí a óò pè sí i. Ó là á yé ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe tó fara pamọ́ sínú orúkọ ewé ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọfọ̀. Èmi tí mo gboyè yunifásítì lórí èdè Yorùbá, inú ìwé yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ yé mi yékéyéké. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò ní fi ìyẹn pamọ́.

Àléébù tí mo rí nìyí. Mi ò sọ ti àwúre àti ti ààbò. Oògùn àìsàn inú rẹ̀ ni mò ń wí. Orí orúkọ àrùn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Oògùn ibà. Oògùn ikọ́. Oògùn inú rírun. Àrùn ti gba orúkọ kí ìwé tó la ẹnu. Ta ló sọ ọ́ lórúkọ? Kí ló rí lára aláìsàn tó fi ní ibà ni, tí kì í ṣe òtútù àyà? Ìwé ò sọ. Ẹ má jẹ́ ká di ẹ̀bi ru Fátúmbí nìkan o. Bí awo ṣe pè é fún un ló ṣe kọ ọ́, ohun tí awo ò sì pè, kò lè kọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa ń wo ara. Èdè wa fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́rìí sí i. Ẹ gbọ́ orúkọ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ẹni tó dá orúkọ yẹn sílẹ̀ ti fa ìpéǹpéjú aláìsàn, ó ti rí i pé funfun ojú ti pọ́n, ó sì ti ní kó tọ̀ kí òun rí àwọ̀ ìtọ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò méjì ló dì sínú orúkọ kan. Ìyá àgbà tó bá gbé ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ olómi, àwùjẹ lọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ. Bó bá ti jìn wọnú, ó mọ̀ pé omi ti ń tán lára ọmọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, wọn a fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, wọn a wò ó bóyá ojú ibẹ̀ á jin kòtò tí kò ní tètè kún.

Níbo wá ni ọwọ́ yẹn gbà lọ? Èrò tèmi ni pé a ti gbé àṣà ìdáfá lọ síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó wá dáfá, owó ló ń sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Babaláwo ò gbọ́, Ifá ló máa sọ ohun tó bá wá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá dùbúlẹ̀ síwájú wa, a tún ń ṣe bí ẹni pé ìtìjú ni ìbéèrè. "Ṣé bàbá yìí ò gbọ́ Ifá ni, tó ń bi mí níbi tó ń dùn mí?" Kí wọ́n má baà sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ awo kì í béèrè ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, wọn kì í béèrè bóyá aláìsàn ń yàgbẹ́ tàbí kò yà, wọn kì í fọwọ́ kàn án. Ifá ń sọ ohun tó wà lẹ́yìn àìsàn àti ẹbọ tó kàn. Mi ò tíì rí ibi tí Ifá ti ní ká dijú.

Èmi náà jẹ̀bi. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn tí wọ́n gbé ọmọ kan wá bá mi ní Ìbàfò níhìn-ín. Ara rẹ̀ gbóná, ìyá rẹ̀ ní ibà ni, mo gbà pé ibà ni. Àgbo tí mo fún un, ewé rẹ̀ pé, mo sì pe ọ̀rọ̀ sí i bó ṣe yẹ. Mi ò bọ́ ẹ̀wù ọmọ náà. Kò lo ọjọ́ kẹta. Títí dòní, bí mo bá ṣí ìwé Fátúmbí dé ibi oògùn ibà, ẹ̀wù òtútù tí wọ́n wọ̀ fún ọmọ yẹn ni mo ń rí.

Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò tó kọ́ mi. Bọ́ ẹ̀wù ọmọ, jẹ́ kó sinmi ẹkún, wo àyà rẹ̀, fi aago ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ọmọ oṣù méjì tí kò tíì pé ọdún kan, bó bá tó 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀, èémí náà yá jù. Ọmọ ọdún kan títí dé márùn-ún, 40 ni. Bí abẹ́ egungun ìhà bá ń wọnú ní gbogbo ìgbà tó bá ń fa èémí, ọ̀rọ̀ àgbo kọ́ mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹni tó bá sì mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn mọ̀ pé wákàtí tí a bá fi ṣòfò nílé, a ò ní rí i rà pa dà lójú títì.

Kò bí mọ́ òyìnbó náà, wọ́n kọ́ ọ ni. Ní 1761 ni Leopold Auenbrugger, dókítà ní Vienna, kọ̀wé pé òun ń fi ìka kan àyà aláìsàn láti mọ̀ bóyá omi wà níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní ilé èrò, wọ́n sì ń sọ pé ibi tó ti ń rí wọn bí wọ́n ṣe ń kan àgbá ọtí ló ti mú un. Ẹlẹ́mu tiwa tó ń kan agbè láti mọ ibi tí ẹmu dé, ìyẹn ò ní yà á lẹ́nu. Ní 1816, ní Paris, Laennec ká bébà bí ọ̀pá ihò, ó fi gbọ́ àyà ọmọbìnrin kan. Àtibẹ̀ ni ohun tí dókítà ń fi kọ́rùn ti wá. (Àwọn dókítà kan náà ti ń gbàgbé o. Mo mọ èyí tó ti kọ ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún mi tán kó tó gbójú sókè wò mí.)

Bí ẹnikẹ́ni bá ní awo àti dókítà ò lè jọ wo aláìsàn kan náà, ìpínlẹ̀ wa yìí ni wọ́n ti ṣe é. Ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò fi àwọn tí orí ń dà láàmú wọ̀ sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ó sì pe àwọn onísègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ ìgbìmọ̀ wa ni pé bí a bá fẹ́ ṣe irú ìwé yìí tiwa, ká fi ìlà mẹ́ta ṣáájú ewé: ohun tí aláìsàn sọ, ohun tí ojú rí, ohun tí ọwọ́ bà. Mo ti ń fi bírò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dà tèmi. Mo ti ṣe 21 nínú oògùn àìsàn ibẹ̀. Níbi 8 nínú wọn, mi ò mọ ohun tí mo lè kọ. Mo fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀ fún àgbà tó bá mọ̀ ọ́n.