Irin X-33: "Kò Jẹ̀bi" Yàtọ̀ sí "Ó Yege"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń rí lẹ́nu àwọn tó ń ròyìn X-33, ọkọ̀ gbalasa òfuurufú tí Amẹ́ríkà fẹ́ máa lò lálòtúnlò. Wọ́n á ní irin ara rẹ̀ ò jẹ̀bi, táǹkì ló ba iṣẹ́ jẹ́. Òótọ́ ni pé táǹkì háídírójìn rẹ̀, tí kì í ṣe onírin, bàjẹ́ lójú ìdánwò ní 1999, NASA sì pa iṣẹ́ náà tì ní 2001. Ṣùgbọ́n X-33 ò fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibo wá ni irin náà ti yege?

Inconel ni irin ọ̀hún, àdàlù tí níkẹ́ẹ̀lì pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n fi iná dán an wò nínú yàrá ìdánwò. Ní 1998, wọ́n tún lẹ díẹ̀ mọ́ ọkọ̀ F-15B, tó sáré dé ìlọ́po 1.4 ìyára ohùn, láti mọ bó ṣe ń gba afẹ́fẹ́ líle sára. Ìdánwò gidi ni méjèèjì. Àmọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti òkè kì í rí iná lónìí kó rí afẹ́fẹ́ lọ́la. Àpapọ̀ ni wọ́n ń dé.

X-15 ti fi èyí hàn wá tipẹ́. Inconel X ni wọ́n fi ṣe awọ ara rẹ̀, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ fún nǹkan bíi 650 dígírì Celsius. Ọkọ̀ 3 fò ní ìgbà 199 láàárín 1959 sí 1968. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá 1967, Pete Knight sá ọ̀kan dé ìlọ́po 6.7. Wọ́n gbé àwòṣe ẹ́ńjìnnì kan kọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ìgbì afẹ́fẹ́ tó ti ara àwòṣe yẹn wá kó ooru jọ sójú kan lára òpó tó gbé e dúró. Ó lu irin náà, àwòṣe sì já bọ́. Knight gúnlẹ̀ láyọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ yẹn ò fò mọ́. Ṣé ẹ rí i? Irin ò yí padà. Ohun tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló yí padà.

Ti àlòtúnlò tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irin tó ń gbóná tó ń tutù léraléra máa ń fà díẹ̀díẹ̀, ó máa ń dípẹtà, ó sì lè sán, bí kò tilẹ̀ yọ́ rárá. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ yọ níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní irin òun ti yege, ẹ bi í pé: ìgbà mélòó, pẹ̀lú ẹrù wo lórí, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ni? Ẹ̀mí èèyàn ló máa jókòó sẹ́yìn ìdáhùn yẹn.